Ìrìn yípo etí ọ̀sà Àgbádárìgì àti Gberefu

Ìrìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Marínà, ní ìlú Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó sọdá ọ̀sà sí Gberefu, ó dé etí Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì padà sí Marínà. Ọ̀sà nìkan ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá, ìyókù di ti ẹsẹ̀.

Apá ti ìlú

Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní wàhálà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ ní 1845 wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí Seriki Abass ń kó ẹrú sí. Ọjà ẹrú Vlekete kò jìnnà.

Ọ̀sà

Láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀sà yìí ti wá, ó sì ń lọ sí Èkó. Odò Yewa ń ṣàn sínú rẹ̀. Ilẹ̀ iyanrìn tí Gberefu wà lórí rẹ̀ ló pààlà láàárín òun àti òkun. Lásìkò òjò, omi odò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ á sì dínkù. Àsìkò yìí gan-an ni water hyacinth, koríko tó ń léfòó lórí omi, ń gbilẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí koríko yìí ní Nàìjíríà, lórí ọ̀sà yìí kan náà. Kì í ṣe ojú oró: òdòdó rẹ̀ rí bí àlùkò, igi ewé rẹ̀ wú bọnbọ, afẹ́fẹ́ ló sì kún inú rẹ̀ tó fi ń léfòó. Gbòǹgbò rẹ̀ gùn bí irùngbọ̀n. Tó bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì á máa gbóná, ọkọ̀ ò ní í lọ mọ́. Awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnì, á gbé e sókè, á sì fi ọwọ́ já koríko náà kúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá pọ̀ sí i, púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kú. Ìgbà yẹn ni ọ̀sà rọrùn jù láti sọdá, ṣùgbọ́n oòrùn ń mú. Kí èrò wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí wọ́n sì de okùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Gberefu

Iyanrìn gbígbẹ máa ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ á rì, nítorí náà ni ọ̀nà kúkúrú fi ń rẹni. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ló dára. Sílípáàsì á máa da iyanrìn sẹ́yìn, okùn rẹ̀ á sì já. Òwúrọ̀ ló yẹ kí wọ́n rìn ín, pẹ̀lú omi mímu bíi lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí ìtàn àdúgbò sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibi àlọ àìbọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, wà níwájú, létí òkun. Ìgbì tó ń padà sẹ́yìn níbẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó dára kí wọ́n bá awakọ̀ fi àdéhùn sí aago tí wọn yóò padà, kí wọ́n sì sọdá kí ilẹ̀ tó ṣú: koríko orí omi kì í hàn lókùnkùn.