Asẹ́ éésì kọ́ ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́

Mo ti gbọ́ ọ débi pé ó ń bí mi nínú. Bí yàrá bá ti ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí ògiri ń làágùn, kíá lẹnìkan á ti dá onílé lámọ̀ràn pé: "Ra asẹ́ tó fún dáadáa sínú éésì rẹ, á fa gbogbo ọ̀rinrin yẹn." Kò ní fa nǹkan kan.

Pé asẹ́ ń mú eruku, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ẹni tó bá ti yọ ọ́ fọ̀ rí ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ti omi ló ń fa wàhálà. Wọ́n ní bí asẹ́ bá lè mú eruku tí ojú ò rí, kí ló dé tí kò fi ní mú ọ̀rinrin? Ẹ jẹ́ ká wò ó. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní HEPA wà lára àwọn tó fún jù lọ tí èèyàn lè rà sílé. Eruku tó tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 1,000 mìlímítà) ni wọ́n fi ń dán an wò, ó sì gbọ́dọ̀ mú ìdá 99.97 nínú 100 rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀rinrin kì í ṣe omi tó ń kán. Ó ti yòrò mọ́ afẹ́fẹ́ pátápátá. Ẹyọ rẹ̀ kan kéré ju eruku yẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000, kò sì tóbi ju ẹyọ ọ́síjìn tí à ń mí símú lọ. Asẹ́ tó bá fún débi tó fi lè dá omi yìí dúró, afẹ́fẹ́ gan-an ò ní rí ibẹ̀ gbà.

Àwọn kan á ní, "Mo yọ asẹ́ mi, ó tutù lọ́wọ́ mi, ṣé kì í ṣe omi ló fà yẹn?" Ìdọ̀tí ojú rẹ̀ ló gba omi díẹ̀ sára. Tí afẹ́fẹ́ bá tún fẹ́ lù ú, á dá omi náà padà sínú yàrá. Èyí tí kò bá sì gbẹ bọ̀rọ̀, ara rẹ̀ á bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀, òórùn rẹ̀ ni ẹ óò sì máa fà símú.

Ohun tó ń fa omi ni kọ́ìlì, ìyẹn páìpù tútù tó wà lẹ́yìn asẹ́. Ẹ gbé ife omi tútù sórí tábìlì nínú yàrá tó móoru, ẹ wo bí ara ife ṣe máa ń làágùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára kọ́ìlì nìyẹn. Omi náà á kán sínú àwo ìsàlẹ̀, á gba inú rọ́bà jáde. Kódà, torí ọ̀rinrin ni Willis Carrier, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ṣe éésì ìgbàlódé àkọ́kọ́, ṣe ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́dún 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn nílùú New York tí ọ̀rinrin ń ba bébà wọn jẹ́.

Mo ti ṣí éésì kan rí tí wọ́n tẹ́ asẹ́ mìíràn tó nípọn lé orí asẹ́ tó bá a wá. Yìnyín ti bo kọ́ìlì funfun báláú, mi ò rí irin kankan. Afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé, kọ́ìlì tutù kọjá ààlà, omi tó yẹ kó kán sì dì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, gbogbo rẹ̀ yọ́ dà sórí ògiri. Lóòótọ́, bí afẹ́fẹ́ bá rọra dín díẹ̀, kọ́ìlì lè fa omi jáde lára rẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ asẹ́ kọ́ la fi ń wá ìyẹn, torí bó ṣe ń dọ̀tí ló ń fún sí i.

Ti nọ́ńbà MERV tí wọ́n ń kọ sára asẹ́, eruku nìkan ló ń sọ. MERV 8 ń mú ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 eruku tó wà láàárín 3 sí 10 micron. MERV 13 ń mú èyí tó kéré jùyẹn lọ dáadáa, ó sì lè wúlò fún ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), bí éésì rẹ̀ bá lágbára láti fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Ìwé tó bá éésì wá ni kẹ́ ẹ wò.

Asẹ́ oníke tó wà nínú éésì ara ògiri kò nílò pààrọ̀ àfi tó bá ya. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Èyí tí wọ́n fi bébà ṣe, ẹ má fọ̀ ọ́ o, pípààrọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má torí kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kẹ́ ẹ yọ asẹ́ dànù. Eruku á lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì tó tutù, á di ẹrẹ̀, rọ́bà tó yẹ kó gbé omi jáde á sì dí.