Ẹ Máa Ṣí Ìwé Ọmọ Yín, Bí Ẹ Ò Tilẹ̀ Mọ̀wé

Kò sí òbí tí mo bá pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kàwé yọrí. Ẹlòmíì ń fi owó àjọ rẹ̀ san owó ilé-ìwé, ó ń ra yunifọ́ọ̀mù, ó ń ra báàgì, ó tún ń san owó lẹ́sìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀yin tíṣà lẹ mọ̀yẹn." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí mo mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé kò ní ohun tó fẹ́ bá ọmọ ṣe nídìí ẹ̀kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Àjẹ́ wá bá mi nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì mìíràn, tó ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ó ní, "Anti, mi ò kàwé. Kí ni mo fẹ́ wò nínú ìwé ẹ̀?" Mo ní, "Ìyá Kẹ́hìndé, ṣebí ẹ mọ nọ́ńbà? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí i." Ojoojúmọ́ la ń ṣe ìṣirò, ọmọ sì gbọ́dọ̀ kọ déètì sókè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Màmá yìí fi ìka tọ̀ ọ́ láti ojú ewé kan dé èkejì: 9, 10, lẹ́yìn náà 13. Ó gbójú sókè. "Anti, ọjọ́ kọkànlá ńkọ́? Ìkejìlá dà? Ilé-ìwé ló ní òun ń lọ lọ́jọ́ méjèèjì o!" Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i.

Lẹ́yìn déètì, báírò pupa ni kí ẹ wò. Ibi tí tíṣà bá fa X sí, ọmọ gbọ́dọ̀ tún un ṣe nísàlẹ̀. Kọrẹ́ṣọ̀n là ń pè é. Ọmọ tí kì í ṣe kọrẹ́ṣọ̀n, àṣìṣe kan náà ni yóò máa ṣe lọ títí dé ìdánwò. Bí ojú ewé bá ń tẹ̀lé ojú ewé láìsí báírò pupa kankan, àwa olùkọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ mú ìwé náà wá, kí ẹ fi sùúrù bi wá léèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kó sọ ohun tó kọ́ fún yín ní Yorùbá, tàbí ní Ìjẹ̀bú tí ẹ ń sọ nílé. Ọmọ tó bá lè fi èdè ilé ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó kàn ń ka ohun tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù, tí kò lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ìṣirò, kóńgò gàrí ṣáà wà nílé: bí kóńgò kan bá jẹ́ iye báyìí, èló ni mẹ́rin? Oníbàárà mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, èló ni ṣéńjì rẹ̀? Ẹ má kàn bá a ṣe àṣetiléwá o. Olùkọ́ fẹ́ rí ibi tó kù sí fún ọmọ, kì í ṣe ibi tí bùrọ̀dá rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé.

Ọjọ́ rìsọ́ọ̀tì ni òbí púpọ̀ máa ń dúró dè kí wọ́n tó yọjú sí wa. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìdánwò ìparí táàmù ló ń gba máàkì 60 tàbí 70 nínú 100. Tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ kíláàsì ló ni ìyókù, kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ìwọlé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹn jọ. Ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ wá kí a tó to àwọn ọmọ sí asẹ́ńbílì, tàbí nígbà tí wọ́n bá jáde oúnjẹ, torí olùkọ́ tó ń kọ́ni lọ́wọ́ kò lè dá yín lóhùn bó ṣe yẹ. Ẹ má sì bi wá pé, "Ṣé ó ń ṣe dáadáa?" torí "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa yá wa lẹ́nu. Ẹ bi wá pé: "Kí ló ń le fún un jù? Ta ló máa ń jókòó tì? Kí ni kí n máa bá a ṣe nílé?"

Ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ ìjà tàbí ọjọ́ owó la máa ń rí yín. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fi ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ṣeré. Kí ọdún Ojúde Ọba tó dé la ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Nínú ìpàdé yẹn kan náà, olùkọ́ wà níbẹ̀, akáwọ́ǹtì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ kò lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀wé yẹ ìwé ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ó wù mí gan-an kí ẹgbẹ́ kan dán an wò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún wà ńbẹ̀. Ọmọ tó jí láago mẹ́rin òru láti yan gàrí, oorun ni yóò máa sùn ní kíláàsì. Mi ò ní kí ọmọ má ṣiṣẹ́ ilé, àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán tàbí Sátidé. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọdún 9 àkọ́kọ́, ìyẹn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà àti JSS mẹ́ta, di ọ̀fẹ́ nílé-ìwé ìjọba, ó sì sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ wà níbẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ká mi lára bí mo bá rí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Rẹ́mọ tó ń kiri ọjà láago mẹ́wàá àárọ̀.

Bí ẹ bá wá tí olùkọ́ kò dá yín lóhùn, ẹ má bínú lọ. Ẹ mú ìwé ọmọ dání, kí ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé. Bí òun náà ò bá rí nǹkan ṣe sí i, ẹ gbé e dé ìpàdé PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tàbí SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, níbi tí òbí, ará àdúgbò àti olùkọ́ ti jọ ń jókòó gbèrò. Gbogbo òbí ló ni PTA, ẹ dìde kí ẹ sọ tiyín níbẹ̀.