Kí ẹ̀rọ kú, kí ẹja má kú: iṣẹ́ riléè nínú aquaponics àfọwọ́ṣe

Tí ẹ bá dúró sẹ́yìnkùlé mi lóru, ẹ ó gbọ́ kí nǹkan kékeré kan dún "táà", omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà ṣoroṣoro sínú táńkì ẹja. Tó bá tó ìṣẹ́jú 15, á tún dún "táà", omi á dákẹ́. Ohun tó ń dún yẹn ni wọ́n ń pè ní riléè. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín to ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ẹja àti ẹ̀fọ́, òun ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kí ẹ tó mọ kóòdù (àṣẹ tí a ń kọ fún ẹ̀rọ), kí ẹ tó mọ sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn omi fún ẹ̀rọ).

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí: aquaponics ni kí á máa sin ẹja, kí á máa gbin ẹ̀fọ́, kí omi kan náà máa yí láàrin àwọn méjèèjì. Ẹja á jẹun, á ṣu, amóníà á dé inú omi, májèlé sì ni amóníà fún ẹja. Bakitéríà tó ń gbé lára òkúta wẹ́wẹ́ inú pẹpẹ ẹ̀fọ́ ni yóò sọ ọ́ di nitrite. Bakitéríà mìíràn á gbà á lọ́wọ́ tọ̀hún, á sọ ọ́ di nitrate. Nitrate ni ẹ̀fọ́ sì ń jẹ. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ọrùn pọ́ǹpù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ so kọ́. Bí pọ́ǹpù bá dúró, omi kò yí mọ́, atẹ́gùn kò wọnú omi mọ́, ẹja nìkan sì kọ́ ló ń mí níbẹ̀. Bakitéríà ń mí, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ náà ń mí.

Àrọ̀ ṣì lè fara dà á díẹ̀. Ó ní ohun kan nínú orí tó fi ń gba atẹ́gùn òkè sára, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tó ń yọ ẹnu síta omi. Epìyà kò ní in. Epìyà sì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Rakocy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sìn nínú iṣẹ́ tó sọ Yunifásítì Virgin Islands di olókìkí nídìí aquaponics, nítorí náà, bí ẹ bá ń sin àrọ̀, ẹ má kàn gbé gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá kà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká tú riléè wò. Bọ́ọ̀dù kékeré bí Arduino tàbí ESP32 ló máa ń ṣe ìrònú. Fóòtì 5 tàbí 3.3 ló ń lò, iná tó sì lè ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jáde kò ju èyí tó lè tan gílóòbù bíńtín lọ. Pọ́ǹpù tèmi ń jẹ fóòtì 220. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra, bọ́ọ̀dù á jóná lójú ẹsẹ̀. Riléè ló dúró láàrin wọn bí alárinà. Nínú rẹ̀ ni wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ká jọ gírígírí, kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Bí iná díẹ̀ bá wọ kọ́ìlì, ó di òòfà, á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra: "táà" tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Bí iná bá kúrò, sípíríǹgì á dá irin náà padà sáyè rẹ̀. Iná bọ́ọ̀dù kò kan iná pọ́ǹpù níbì kankan. Irin yẹn ló jẹ́ iṣẹ́. (Èyí tí wọ́n ti tò sórí pátákó kékeré tirẹ̀ ni kí ẹ rà. Kọ́ìlì lásán ń fa iná ju ohun tí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù lè pèsè lọ.)

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ojú mẹ́ta tí wọ́n fi síkúrù há: COM (common), NO (normally open), NC (normally closed). COM ni iná ń gbà wọlé. Láàrin NO àti NC ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ máa fi oorun rò ó. Bí riléè bá ń sùn, tí kò síná nínú kọ́ìlì, COM àti NC ló wà papọ̀. Bó bá jí, COM á fi NC sílẹ̀, á lọ bá NO. Ohun tí ẹ bá so mọ́ NO kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ẹnì kan bá jí riléè, tí kò sì jẹ́ kó sùn padà. Ohun tí ẹ bá so mọ́ NC á máa ṣiṣẹ́ lọ títí ẹnì kan yóò fi jí riléè láti dá a dúró.

Èmi náà so pọ́ǹpù mọ́ NO níbẹ̀rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwòrán tí mo rí ṣe so ó. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣájà fóònù àtijọ́ tí mo fi ń fún bọ́ọ̀dù níná kú. Iná wà nílé o, fáànù ń fẹ́ mi, mo ń hanrun. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ti kú, kò sẹ́ni tó máa jí riléè, pọ́ǹpù dúró. N kò tíì ní pọ́ǹpù atẹ́gùn nígbà náà. Omi tó ń dà padà yẹn nìkan ló ń gbé atẹ́gùn wọ táńkì. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, epìyà 11 ti léfòó. Ìyàwó mi wo bọ́ọ̀dù, ó wo ẹja, ó ní, "Ṣé èyí ni ẹ ní ó ń ṣọ́ wọn?"

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú 5. Mo tú síkúrù, mo yọ wáyà lójú NO, mo kì í bọ ojú NC, mo sì yí kóòdù padà kó máa jí riléè nígbà tó bá yẹ kí pọ́ǹpù sinmi. Bí bọ́ọ̀dù bá kú báyìí, pọ́ǹpù á kàn máa lọ láìdúró, páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ inú pẹpẹ á sì máa dá omi padà. Bí kóòdù bá há sójú kan ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀, torí riléè lè há mọ́ ọn lójúfò. Watchdog ló wà fún èyí: aago kan nínú bọ́ọ̀dù tí kóòdù gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kàn lóòrèkóòrè. Bí àkókò bá kọjá tí kò fọwọ́ kàn án, aago yẹn á pa bọ́ọ̀dù, á tún un tan.

Ẹ má wá so gbogbo nǹkan mọ́ NC o. Hítà tí a ń kì bọ omi lásìkò ọyẹ́, bó bá tàn mọ́jú, á se ẹja. Fáàlù tó ń ṣí omi sínú táńkì, bó bá ṣí mọ́jú, ẹ̀yìnkùlé á di odò. NO ni tàwọn yẹn. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi lórí ohun kọ̀ọ̀kan ni pé: bí bọ́ọ̀dù bá kú nísinsìnyí, ṣé kí eléyìí máa ṣiṣẹ́ ni àbí kó dákẹ́?

Bí wọ́n bá wá mú iná lọ, NC kò lè mú un wá. Riléè kan wà tí kọ́ìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ fóòtì 220. Ẹ fún un ní iná ilé tààrà. Ẹ mú iná bátìrì fóòtì 12 gba fíúsì wọ COM, kí ẹ so pọ́ǹpù atẹ́gùn fóòtì 12 mọ́ NC. Tí iná bá wà, riléè wà lójúfò, bátìrì ń sinmi. Tí iná bá lọ, riléè sùn, irin padà sí NC, atẹ́gùn á ti máa hó nínú omi kí ẹ tó rí tọ́ọ̀ṣì. Kò sí bọ́ọ̀dù níbẹ̀, kò sí kóòdù, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo ohun tí mo tò, òun ni mo fọkàn tán jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá lórí fóòtì 220, kó pe oníná, kí wọ́n sì fi bíréékà tó ń já bí iná bá jò tó mílíáḿpù 30 sí i, torí omi àti iná kì í ṣeré.

Sẹ́ńsọ̀ náà ń purọ́. Èyí tí a sábà ń fi wọn ooru omi, DS18B20, bí wáyà rẹ̀ bá já, kóòdù tí ọ̀pọ̀ ń lò á sọ fún yín pé omi wà ní -127°C. Antarctica gan-an kò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò gbọ́n. Á ní omi ti tutù jù, á tan hítà, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé nọ́ńbà tó bá kéré sí 10 tàbí tó ju 40 lọ, irọ́ ni, kó pa hítà, kó sì pariwo.

Ẹ má sì fún hítà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kó tàn ní ìsàlẹ̀ 26, kó kú lókè 26, riléè á máa dún táà-táà-táà bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́, ojú irin rẹ̀ á sì jó. Kó tàn ní 25.5, kó má kú títí di 26.5.

Ti sẹ́ńsọ̀ pH, èyí tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, èmi kì í fi tèmi sílẹ̀ nínú omi. Orí rẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe máa ń ṣì nọ́ńbà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa fi omi ìdánwò tí pH rẹ̀ jẹ́ 4 àti 7 tún un ṣe lemọ́lemọ́. Ìgò kékeré tí a ń kán oògùn rẹ̀ sínú omi, tí àwọ̀ á yí padà, tó mi.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ má tíì fi ẹja sí i. Ẹ fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ, kí ẹ wò ó bóyá hítà á kú. Ẹ pa iná ilé láti orísun, kí ẹ wo táńkì bóyá atẹ́gùn ń hó. Lẹ́yìn náà, ẹ dá iná padà, kí ẹ dúró di ìgbà tí pọ́ǹpù ń sinmi, kí ẹ yọ ṣájà bọ́ọ̀dù, kí ẹ tẹ́tí. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ "táà" kan, kí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Bí omi kò bá dà, wáyà yẹn ṣì wà lójú NO.