"Ó yé wa" kì í ṣe ẹ̀rí: bí tíṣà ṣe ń ka àṣìṣe ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí èèyàn nínú, òun ni pé ẹni tó bá ṣáà ti mọ ìṣirò á mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ. Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ ìdáhùn, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti máa ṣì í. 52 yọ 27, gbogbo wa la lè ṣe é. Àmọ́ tí ọmọ bá kọ 35, mélòó nínú wa ló lè sọ bó ṣe débẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. 25 ló yẹ kó kọ. Ọmọ àkọ́kọ́ wo 2 lókè, ó wo 7 nísàlẹ̀, ó rí i pé 7 ò ṣeé yọ nínú 2, ló bá yí i po, ó yọ 2 nínú 7, ó kọ 5, ó wá yọ 2 nínú 5, ó kọ 3, ó di 35. Orí ẹ̀ pé o, ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un láti pírámárì 1 ló tẹ̀ lé, pé kékeré là ń yọ nínú ńlá. Ọmọ kejì mọ̀ pé ó yẹ kóun yá, ó yá, 2 di 12, ó yọ 7, ó ku 5, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé 5 tóun yá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ti di 4, ó wá yọ 2 nínú 5. Òun náà kọ 35. Àṣìṣe méjì tí ò jọra rárá, ìdáhùn kan ṣoṣo. Tíṣà tó bá kàn fi bírò pupa fagi lé méjèèjì, tó tún àlàyé àárọ̀ yẹn ṣe, tó wá pariwo díẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì mọ ohun tó ń tún ṣe.

Tíṣà tó mọṣẹ́ ò ní tíì ṣàlàyé nǹkan kan, á fún àwọn méjèèjì ní 53 yọ 27. Ẹni tó yé á kọ 26. Ọmọ tó ń yí nọ́ńbà po á kọ 34. Ọmọ tó ń yá tí kì í dín in á kọ 36. 52 la kàn sọ di 53, àṣírí ti tú! Tó bá sì jẹ́ 58 yọ 23 ló kọ sójú bọ́ọ̀dù, gbogbo wọn pátá ló máa kọ 35, wọ́n á sì gbà á, tíṣà á máa rò pé kíláàsì òun ti já fáfá.

Lọ́dún 1978, àwọn olùṣèwádìí méjì, John Seely Brown àti Richard Burton, ní Amẹ́ríkà fi irú ìyọkúrò yìí hàn pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọ kì í ṣe ti àìbìkítà, òfin kan ni ọmọ ń tẹ̀ lé tọkàntọkàn, òfin ọ̀hún ni ò dáa. Nígbà tó di 1986, Lee Shulman, onímọ̀ nípa iṣẹ́ tíṣà, wá là á mọ́lẹ̀ pé ìmọ̀ tíṣà dá dúró láyè ara ẹ̀, pé mímọ ibi tí ẹ̀kọ́ kan ti máa le fún ọmọ wà lára ẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé.

Ìdí nìyẹn tí "ṣó yé yín?" ò fi wúlò tó báwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn tó yé á dáhùn pé "ó yé wa!", àwọn tí ò yé náà á dáhùn bẹ́ẹ̀, ohùn á ròkè, kò sì sẹ́ni tó mọ nǹkan kan sí i. Mẹkáníìkì kì í bi mọ́tò pé ṣé ara ẹ̀ ti yá. Á ní kí wọ́n sitáàtì ẹ̀, á tẹ́tí, tí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n, á máa yọ wáyà pulọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá yọ tí ẹ́ńjìnì túbọ̀ ń rẹlẹ̀, ìyẹn ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá yọ tí ohunkóhun ò yí padà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. 53 yẹn ni wáyà tí tíṣà yọ.

Títún un ṣe wá rọrùn díẹ̀. Ọmọ tó ń yí nọ́ńbà po, tó bá ń ka òǹkà Yorùbá nílé, ẹ ní kó sọ 27: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku 3 kó pé 30, láti 30 dé 53 jẹ́ 23, 3 àti 23 jẹ́ 26. Kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń fìyà jẹ ọmọ tó bá fi èdè yẹn kàwé, nígbà tó jẹ́ pé ìyọkúrò ti wà nínú òǹkà ẹ̀ kó tó wọ kíláàsì.

Ibi tí ètò ilé ìwé wa ti kù díẹ̀ káàtó ni pé tí àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò bá dé, lesson note ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, wọn kì í béèrè pé àṣìṣe wo ló pọ̀ jù ní kíláàsì yín lọ́sẹ̀ yìí. Tíṣà tó ní ọgọ́ta ọmọ ò sì lè jókòó ti ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká má tanra wa. Síléètì ayé àtijọ́ ló máa ń yanjú eléyìí, kò sì yẹ ká sọ ọ́ nù. Kí gbogbo ọmọ kọ ìdáhùn 53 yọ 27 sí i, kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà á rí 26, 34 àti 36 níwájú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, á kó àwọn 34 sápá kan, á kó àwọn 36 sápá kejì, á sì fún àwọn 26 níṣẹ́ míì kó tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.