Postmodernism kò sọ pé òtítọ́ kò sí

Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni mò ń ṣe, nídìí iṣẹ́ yìí sì ni orúkọ náà, postmodernism, ìyẹn ìrònú tó ń fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ́ fún gbogbo ènìyàn, ti di gbajúmọ̀ láàárín 1970 sí 1990. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí nípa rẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé àwọn tó ní òtítọ́ kò sí ló dá a sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí, torí pé ohun tó wúlò jù nínú ìrònú náà ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Ìbéèrè ni àwọn tó dá a sílẹ̀ gbé wá: ta ló ń sọ ìtàn yìí fún wa, ta ló ń jèrè rẹ̀, ta ni wọn kò sì fún láyè láti sọ tẹnu ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ilé bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ṣeé fojú rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn àgbà ayàwòrán-ilé bíi Le Corbusier àti Mies van der Rohe gbà pé làákàyè àti ẹ̀rọ lè bá wa rí irú ilé kan tí yóò bá gbogbo ènìyàn mu níbi gbogbo: ògiri gbọọrọ, irin, gíláàsì, láìsí ọ̀ṣọ́. Modernism ni wọ́n ń pe ìlànà yìí. Wọ́n mọ Mies mọ ọ̀rọ̀ kan, pé bí nǹkan bá ṣe mọ níwọ̀n tó ló ṣe ń níyì tó. Ní 1966 Robert Venturi, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà, fèsì pé èyí tó bá ti mọ níwọ̀n jù a máa súni. Ó ní ilé lè ta ko ara rẹ̀, ó sì lè yá nǹkan lọ́wọ́ ayé àtijọ́. Nígbà tó fi di 1984, Philip Johnson, tó ti bá Mies ṣiṣẹ́ lórí ilé Seagram ní New York, parí ilé gogoro ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ní ìlú kan náà pẹ̀lú John Burgee. Òkúta tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì gé orí rẹ̀ bí orí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́. Èmi ò fẹ́ràn ilé náà púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ó ti ṣòro kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún ayàwòrán-ilé pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ́.

Àwọn onímọ̀ èrò náà ń tọ ọ̀nà tó jọ ọ́. Ní 1979, Jean-François Lyotard, ará Fáransé, kọ ìjábọ̀ kan lórí ipò tí ìmọ̀ wà fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn yunifásítì ní Quebec, Kánádà. Ó ní bí òun bá máa gé e kúrú, postmodern ni kí ènìyàn má gba àwọn ìtàn ńláńlá gbọ́ mọ́, irú èyí tó ń sọ pé ibì kan náà ni gbogbo ayé ń lọ: pé sáyẹ́ǹsì yóò dá gbogbo wa nídè, tàbí pé ìjàkadì òṣìṣẹ́ yóò fòpin sí ìnira. Kò sọ pé omi tó ń hó kò gbóná. Ẹni tó bá sì rántí pé orúkọ ọ̀làjú ni wọ́n fi gba ilẹ̀ onílẹ̀ yóò mọ ìdí tí ìfura náà fi tọ́. Michel Foucault, onímọ̀ èrò ará Fáransé mìíràn, nínú ìwé tó kọ lórí ẹ̀wọ̀n ní 1975, fi hàn bí ìmọ̀ àti agbára ṣe ń gbé ara wọn ró: ẹni tó bá láṣẹ láti yẹ̀ yín wò, kí ó kọ yín sílẹ̀, kí ó sì pè yín ní ọ̀daràn, agbára rẹ̀ ti wà lórí yín ná.

Èso rẹ̀ pọ̀ láyìíká wa. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kọ bí ère kan ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ìwé ìtàn ń gbọ́ tẹnu obìnrin àti ẹrú, àwọn olórin ń gé apá kan nínú orin ẹlòmíràn wọ inú tiwọn, ìpolówó ọjà ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Ibi tó ti dojú rú ni pé ẹnikẹ́ni lè béèrè ìbéèrè náà kí ó má sì dúró gbọ́ ìdáhùn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí àwọn tó ń jẹ nídìí ẹ̀ ni," ni yóò wí nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bruno Latour, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣàlàyé bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ń gbé òkodoro ọ̀rọ̀ kalẹ̀, figbe ta ní 2004 pé irin iṣẹ́ tí àwọn fi ń ṣe lámèyítọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sẹ́ ìyípadà ojú-ọjọ́. Ẹ̀rù tó bà á bà mí náà.

Ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ wa tó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó kàn béèrè àti ẹni tó dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ìjọba kọ́ ilé 33, alájà 11 lọ́kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Pruitt-Igoe ni wọ́n ń pè é, Minoru Yamasaki ló yà á, 1954 sì ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ ibẹ̀. Kò pé 20 ọdún tó fi bàjẹ́. Ní 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdó abúgbàmù wó o. Ní 1977 Charles Jencks, tó ń kọ̀wé nípa ìkọ́lé, kọ ọ́ pé ọjọ́ kan báyìí ní oṣù Keje 1972, ní aago 3:32 ọ̀sán, ni ìlànà ìkọ́lé modernism kú níbẹ̀. Gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹta ni wíwó náà ti bẹ̀rẹ̀, Jencks fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun ló hùmọ̀ aago yẹn. Àwọn tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìtàn ńlá ti hun tiwọn.

Katharine Bristol, onímọ̀ ìtàn ìkọ́lé, tú ìtàn náà wò ní 1991. Kò dúró lórí pé Jencks ní ohun tó ń wá. Ó lọ wo bí owó ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Ìjọba àpapọ̀ ló sanwó ìkọ́lé, owó tí àwọn ayálégbé bá san ni wọ́n sì fi gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Ìlú ń ṣófo, àwọn tó rí jájẹ ń kó lọ sí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú, owó ilé já wálẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè bàjẹ́, kò sówó láti tún un ṣe. Yíya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó tún fi hàn pé àmì-ẹ̀yẹ tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé àwòrán ilé náà gbà, kò gba ìkankan rí.

Àwọn tó gbé ibẹ̀ kò sí nínú gbólóhùn Jencks rárá. Ní 1969 àwọn ayálégbé ilé ìjọba ní St. Louis, tí ti Pruitt-Igoe wà lára wọn, kọ̀ láti san owó ilé fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, torí pé wọ́n ń fowó kún un bí ilé ṣe ń bàjẹ́ sí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé owó ilé ìjọba kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń wọlé fún ìdílé lọ.