Bí Òǹwòran Ṣe Ń Dájọ́ Fún Fíìmù Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Ṣe

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1982 ni The Thing, fíìmù tí John Carpenter darí, dé àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Àtúnṣe ni, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 1951. Vincent Canby tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù fún New York Times wò ó, ó ní pàǹtírí ni. Cinefantastique, ìwé ìròyìn àwọn tó fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gan-an, gbé e sí ojú ewé iwájú, ó ń béèrè bóyá òun ni fíìmù tí aráyé kórìíra jù lọ. Lónìí, bí wọ́n bá ń wá àpẹẹrẹ àtúnṣe tó ta ti àkọ́kọ́ yọ, fíìmù kan náà yìí ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Wọn ò yọ ìran kankan kúrò nínú rẹ̀, wọn ò sì fi kún un.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdììtú. Ó wà lọ́wọ́ ohun tí òǹwòran gbé wọ ilé sinimá, ìgbà tí wọ́n bi í léèrè, àti bí wọ́n ṣe ka ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ wo fíìmù tí ẹnì kankan ò ṣe irú rẹ̀ rí, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé lọ. Ti àtúnṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti wo ti àtijọ́ ti ní fíìmù kan lórí kí iná gbọ̀ngàn tó kú, èyí tó wà lórí rẹ̀ yẹn ló sì ń fi wọn èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti pàlọ́ fún ọmọdé rí mọ̀ ọ́n: bí ọmọ bá ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí apàlọ́ wá yí orin rẹ̀ padà díẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó kọ ọ́ dé ìdajì kó tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Orin tuntun lè dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò kan ọmọ.

Kí ló wà lórí àwọn tó ti wo ti 1951? Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, The Thing from Another World lorúkọ rẹ̀. Christian Nyby ni wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí olùdarí, Howard Hawks ló gbé e jáde. Àwọn sójà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà ní ìkángun àríwá ayé, wọ́n rí ọkọ̀ òfuurufú tó rì sínú yìnyín àti ẹ̀dá kan tó dì mọ́ inú rẹ̀. Ẹ̀dá náà ga, ó lágbára, James Arness ló ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ń rí i. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀tá níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n fi iná mànàmáná pa á, oníròyìn kan sì kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má ṣe dẹ́kun àtimáa ṣọ́ ojú ọ̀run. Òǹwòran jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀ àti ìgboyà púpọ̀.

Carpenter gbé ìtàn lọ sí Antarctica, ní ìsàlẹ̀ ayé. Ọkùnrin méjìlá ló wà ní ibùdó, kò sí obìnrin kankan. Ẹ̀dá tó wọ àárín wọn lè di ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó lè di ajá pàápàá, débi pé ọ̀rẹ́ kò fọkàn tán ọ̀rẹ́ mọ́. Nígbà tí fíìmù parí, àwọn méjì ló jókòó nínú òtútù, ibùdó ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọ̀kan nínú wọn ti di ẹ̀dá náà. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ti Carpenter ló sún mọ́ orísun jù. Inú ìtàn tí John W. Campbell kọ ní 1938 ni fíìmù méjèèjì ti wá, nínú ìtàn náà sì ni Antarctica wà, òun náà ló ní ẹ̀dá tó ń gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀. Àwọn tó ṣe ti 1951 ló yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n òǹwòran kì í fi ìwé tí kò kà dájọ́. Èyí tó kọ́kọ́ fojú rí ni ojúlówó. Nyby fúnra rẹ̀ bọ́ sí gbangba, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀jẹ̀ tó kún inú àtúnṣe náà.

Ẹrù mìíràn wà tí kò kan fíìmù àtijọ́ rárá: ohun tí òǹwòran wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà yẹn kan náà ni E.T. jáde, àlejò kékeré láti ayé mìíràn tí tọmọdé tàgbà ń sunkún fún. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Universal, ló ni méjèèjì. Blade Runner bá The Thing jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun náà kò rí ojúure. Ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu omijé nítorí àlejò tó kàn fẹ́ padà sílé ni wọ́n ní kó wá wo àlejò tó ń la ajá láti inú wá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n fi ṣe The Thing. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó pa ní Amẹ́ríkà kò tó mílíọ̀nù 20, àwọn onílé sinimá sì gbọ́dọ̀ mú tiwọn nínú rẹ̀.

Ní ti ìgbà tí wọ́n ń béèrè, ilé-iṣẹ́ kan wà ní Las Vegas, CinemaScore, tó máa ń rán ènìyàn sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá ní alẹ́ tí fíìmù bá kọ́kọ́ jáde. Òǹwòran a gba káàdì kékeré, a fi máàkì sí i bíi ti ilé ìwé, láti A+ títí dé F, a sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó mú un wá. Kò sí àyè àròjinlẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sáré wá ní alẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe gbogbo ayé: olólùfẹ́ ti àtijọ́ ni wọ́n, tàbí ẹni tí ìpolówó ti wọ̀ lára. Máàkì alẹ́ yẹn ń sọ bí fíìmù ṣe jọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn tó.

Solaris ló fi èyí hàn jù. Stanisław Lem, ará Poland, kọ ìwé náà ní 1961. Andrei Tarkovsky fi ṣe fíìmù ní Soviet ní 1972. Steven Soderbergh tún un ṣe ní Hollywood ní 2002, George Clooney ló kó ipa pàtàkì. Ìpolówó gbé ìfẹ́ síwájú, àwọn tí Clooney wù sì tú jáde. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni fíìmù jẹ́jẹ́, tí ọkùnrin kan ti ń wo aya rẹ̀ tó ti kú, tí kò mọ̀ bóyá òun ló padà wá tàbí ìrántí tirẹ̀ ló gbé ẹran ara wọ̀. F ni wọ́n fún un, máàkì tí fíìmù tó ń gbà á kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ fara mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ ṣe òtítọ́, ìpolówó ló gba F. Lem ṣì wà láàyè nígbà náà, ó ní wàhálà ìfẹ́ nínú òfuurufú kọ́ ni òun kọ ìwé lé lórí. Inú rẹ̀ kò sì dùn sí ti Tarkovsky tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ojúure bàbá náà.

Ìdá ọgọ́rùn-ún tí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn alámèyítọ́ jọ, máa ń gbé jáde ni wọ́n ń ṣì kà jù. Kì í ṣe ìpíndọ́gba máàkì. Wọ́n kàn ń ka iye alámèyítọ́ tó fọwọ́ sí fíìmù náà, ì báà jẹ́ pé ó ní kò burú, ì báà jẹ́ pé ó ní kò sí irú rẹ̀ láyé. Bí ọgọ́rùn-ún alámèyítọ́ bá ní kò burú, 100 ni. Bí àádọ́ta bá ń jó nítorí rẹ̀, tí àádọ́ta tó kù ń gégùn-ún, 50 ni, àmì tòmátì tó ti fọ́ ni yóò sì gbà, torí 60 ni ààlà. Àtúnṣe tó bá láyà, irú èyí tó máa ń pín ilé sí méjì, ìṣirò yìí kò ṣe é lóore.

Àwọn kan kì í tilẹ̀ dúró wo fíìmù. Nígbà tí ìpolówó Ghostbusters tuntun, tí àwọn obìnrin mẹ́rin kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, dé orí YouTube ní 2016, àwọn tó tẹ àmì àìfẹ́ràn sí i pọ̀ débi pé ó gbawájú láàárín àwọn ìpolówó fíìmù, oṣù mélòó kan sì ṣì kù kí fíìmù fúnra rẹ̀ jáde. Ẹrù lásán nìyẹn. Fíìmù kò tíì dá sí i. Ní 2019, Rotten Tomatoes kò jẹ́ kí òǹwòran máa kọ èrò sílẹ̀ mọ́ kí fíìmù tó jáde, ó sì ya àwọn tí ẹ̀rí tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn sọ́tọ̀. YouTube bo iye àmì àìfẹ́ràn mọ́lẹ̀ ní 2021.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló ń bí òǹwòran nínú. Fíìmù àtijọ́ dà bí ilé: wọ́n lè kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, wọ́n lè wó ògiri kan, yóò ṣì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òpó wà níbẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. David Cronenberg yí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo inú The Fly ti 1958 padà nígbà tó tún un ṣe ní 1986. Ní ti àtijọ́, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan jáde nínú ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú orí eṣinṣin lọ́rùn; ní ti Cronenberg, Jeff Goldblum ń di eṣinṣin díẹ̀díẹ̀, èékánná ń bọ́, eyín ń bọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ń jẹ run lójú obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Òǹwòran gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn tó ṣe ìkunra rẹ̀ sì gba Oscar.

Ní ti Godzilla, òpó gan-an ni wọ́n wó. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima àti Nagasaki ní Japan, ní 1954, ni Ishirō Honda ṣe fíìmù ẹranko ńlá tí bọ́ǹbù jí láti inú òkun. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, eérú bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà dán wò ní erékùṣù Bikini dà sórí àwọn apẹja Japan nínú ọkọ̀ wọn. Ẹni tó wo fíìmù náà nígbà yẹn mọ ẹni tí òwe ń bá wí. Nígbà tí Hollywood wá ṣe tirẹ̀ ní 1998, tí Roland Emmerich darí, ẹ̀bi bọ́ǹbù ti bọ́ sọ́rùn Faransé. Ẹranko di aláǹgbá ńlá tó ń sá fún sójà, tó ń yé ẹyin ní New York, tí ohun ìjà ọkọ̀ òfuurufú sì rí pa. Ìrísí rẹ̀ kọ́ ló dun àwọn olólùfẹ́ jù. Godzilla tí wọ́n mọ̀, ìbọn kò ràn án. Toho, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹranko náà ní Japan, fi fíìmù fèsì. Ní 2004 wọ́n gbé aláǹgbá yẹn wọ Godzilla: Final Wars, wọ́n yọ “God” kúrò lórúkọ rẹ̀, ó ku Zilla, wọ́n sì jẹ́ kí Godzilla gidi fi ìrù gbá a ní Sydney, kó sì dáná sun ún. Ìjà náà kò pẹ́ rárá.

Ti owó náà ń tan ènìyàn jẹ. The Day the Earth Stood Still ti 2008 gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó jáde, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là bí àwọn alámèyítọ́ ṣe ń bú u tó. Orúkọ fíìmù àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí òun náà jáde ní 1951, àti ojú òṣèré Keanu Reeves ló kó owó yẹn wọlé. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn oníṣòwò fíìmù máa ń ṣọ́, torí nígbà náà, àwọn tó ti wò ó ti sọ tẹnu wọn fún ará ilé.

Ní ti The Thing, kásẹ́ẹ̀tì fídíò àti tẹlifíṣọ̀n ló sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́ tó yá kásẹ́ẹ̀tì náà wò lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà lè má wo ti 1951 rí, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí E.T. bọ̀. Ó lè dá téèpù padà sẹ́yìn, kó máa wá ìṣẹ́jú tí ẹ̀dá náà ráyè mú ẹnì kan. Ìparí tó bí àwọn ará gbọ̀ngàn nínú di ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ń jiyàn lé lórí di òru. Ẹran ara tó ń ya, tí Rob Bottin, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ogún ọdún, fi rọ́bà àti ọwọ́ ṣe, tí wọ́n pè ní ìríra, di iṣẹ́ ọnà.

Nígbà tí fíìmù mìíràn jáde ní 2011 pẹ̀lú orúkọ kan náà, tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ti Carpenter, òǹwòran ti ní òpó tuntun. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti fi ọwọ́ mọ ẹ̀dá fún un, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwòrán kọ̀ǹpútà bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó jáde. Àwọn olólùfẹ́ figbe ta, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ní ibùdó Amundsen-Scott ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, bí ọkọ̀ òfuurufú tó kẹ́yìn bá ti gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, tí kò sí ọ̀nà àbájáde mọ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù máa ń jókòó pọ̀ láti wo The Thing: ti 1951, ti 1982, àti ti 2011, lọ́kọ̀ọ̀kan.