Agolo mílò mẹ́ta: bí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ṣe ń gba ife kúìsì nígboro

Tí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba kan láti apá Akànràn tàbí Ìyànà Ọ̀fà bá wọ ìgboro Ìbàdàn, tó gba ife kúìsì mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó lọ́wọ́, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wọ́n ṣoríire, wọ́n rí ọmọ olóye kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọlé rárá. Ọmọ olóye kò wọ́n nígboro. Tíṣà tó mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ló wọ́n. Ní kíláàsì abúlé tó ní ọmọ 30, tíṣà mọ ẹni tí ìṣirò ìdá ṣì ń dà láàmú, ó sì mọ ẹni tó kàn ń kọ́ nǹkan sórí láì yé e. Ní kíláàsì ọmọ 70, orúkọ wọn ni yóò máa kọ́ títí táàmù fi máa parí.

Yíyan ọmọ kò le. SS1 àti SS2 ni, torí WAEC ti gba SS3.

Agolo mílò mẹ́ta ló kàn. Páálí ni kí wọ́n gé ṣe káàdì, ìbéèrè lójú kan, ìdáhùn lójú kejì; kì í ṣe ìwé. Ìwé fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ìdáhùn hàn láti ẹ̀yìn, ọmọ á máa wo òjìji yíǹkì, á rò pé òun mọ̀ ọ́n. Káàdì tuntun ń wọ agolo kìíní, èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Tí ọmọ bá gbà á, ó bọ́ sí ìkejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tó bá tún gbà á, ó di ìkẹta, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí tó bá ṣì, ibi yòówù kó wà, agolo kìíní ló ń padà sí. Ojú àánú tíṣà ló máa ń ba ibí yìí jẹ́: “Ó kù díẹ̀ kó gbà á,” ló bá fi káàdì sílẹ̀ nínú ìkẹta, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni àṣìṣe yẹn yóò fi jókòó síbẹ̀.

Ọjà ọlọ́rọọrún náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ̀ tí a bá fi kàlẹ́ńdà kà á, nítorí náà láàárín ọjọ́ 28, yóò bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fi ìdánrawò sí Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan yóò pàdánù méjì nínú mẹ́jọ, torí ọmọ ti bá ìyá rẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà. Iṣẹ́jú 40 lójoojúmọ́, kí wọ́n fo ọjọ́ ọjà, ló dára jù.

Ṣùgbọ́n agogo, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ lù ú ni yóò dáhùn, ni àgbà iṣẹ́. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Odò wo ni wọ́n dí fún omi ẹ̀rọ Ìbàdàn ní 1942, tó wá di adágún Ẹlẹ́yẹlé?” Nígbà tó bá dé “omi ẹ̀rọ Ìbàdàn”, odò méjì ṣì wà nílẹ̀: Ọ̀ṣun tí wọ́n dí ní Aṣẹ́jìrè, àti Ọ̀nà tí wọ́n dí ní Ẹlẹ́yẹlé. Ẹni tó bá lu agogo níbẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́. Ní “1942”, ọ̀kan ti bọ́ kúrò, torí ìdídò Aṣẹ́jìrè kò tíì sí nígbà náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ń lọ. Ẹni tó dúró de “Ẹlẹ́yẹlé” ti pẹ́.

Bí ayò ọlọ́pọ́n ni agogo yìí rí. Ihò 12, ọmọ 48, ojú gbogbo ayé ló wà. Òpè ń dúró kó kàn án kó tó ka ọmọ; ọ̀ta ti kà á tán nígbà tí ọwọ́ ẹnìkejì ṣì wà nínú ọpọ́n. Ó ti mọ ihò tí yóò di méjì tàbí mẹ́ta tí òun yóò jẹ, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣi ihò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní kúìsì.

Tíṣà á máa ka ìbéèrè ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á máa dúró, ọmọ á sì máa sọ iye ìdáhùn tó ṣì ṣeé ṣe: “púpọ̀”, “méjì”, “ọ̀kan”. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kì í dáhùn rárá. Ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí tó fún agogo. Tí òjò bá ń lu páànù, kí wọ́n padà sídìí agolo. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ló máa ń pa ẹgbẹ́ lára níbi tí wọ́n ti ń yọ máàkì fún àṣìṣe: máàkì lọ, alátakò sì tún gbọ́ ìbéèrè parí.

Àbùkù ètò yìí ni pé ẹnì kan ló so ó ró. Tí lẹ́tà bá gbé tíṣà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, tó sì kó agolo dání, ó parí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí SS2 fúnra wọn máa kọ káàdì, kí agolo sì máa sùn sí kíláàsì. Sípẹ́lì wọn kì í pé, ṣùgbọ́n SS1 tó bá rí àṣìṣe ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé e.